Ẹ kọ́kọ́ bo òrùlé bọ́ọ̀sì yín kí ẹ tó ra yìnyín

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Ọ̀rọ̀ ooru inú mọ́tò ni mo fẹ́ bá yín sọ, kì í ṣe ti mọ́tò tó ń sáré lọ o, mọ́tò tí èèyàn ń sùn sí ni mò ń wí. Ó ti pọ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa báyìí. Àwa tí à ń gbé ọjà láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ ná Òkè-Ògùn, inú bọ́ọ̀sì là ń sùn mọ́jú ọjọ́ ọjà. Àwọn ọmọ oní-kánópì àtàwọn DJ tí wọ́n bá ṣe òde parí ní Igbóho tàbí Kíṣí, tí ilẹ̀ ti ṣú jù láti máa bọ̀ nílé, inú bọ́ọ̀sì náà ni. Àwọn ọ̀dọ́ kan sì tún wà báyìí tí wọ́n ń kan bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù sínú mọ́tò bíi tàwọn òyìnbó tó ń fi mọ́tò ṣe ilé, wọ́n á máa ti ibì kan dé ibì kan ṣe iṣẹ́ fọ́tò àti fídíò. Gbogbo wa pátá, inú páànù là ń sùn. Tó bá sì ti di oṣù kejì sí ìkẹrin, ẹni tí kò bá mọ ohun tó ń ṣe, kò ní rí oorun sùn títí ilẹ̀ á fi mọ́, ọjọ́ kejì á sì gbé mọ́tò sójú títì pẹ̀lú oorun lójú. Ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Ohun tó mú mi gbé bírò ni kúlà oní-yìnyín tí gbogbo ọmọ ń ṣe kiri báyìí, orí fóònù ni wọ́n ti ń wò ó. Wọ́n á lu ìdérí kúlà ní ihò méjì, wọ́n á ki fáànù kékeré bọ ọ̀kan, wọ́n á fi páìpù sí ìkejì, wọ́n á wá kó yìnyín kún inú ẹ̀, wọ́n ní éèsì ti dé nìyẹn. Mi ò ní purọ́, tí ẹ bá gbé ojú sẹ́nu páìpù yẹn ó tutù dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ bí a ṣe ń ṣírò owó ọjà. Yìnyín kílò 5, kó yọ́ tán pátápátá, kí omi ẹ̀ sì tún lọ́ wọ́ọ́rọ́, gbogbo ooru tó lè gbà mọ́ra kò ju èyí tí éèsì 1 horsepower máa kó jáde láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 15 lọ. Ìṣẹ́jú 15 o! Ọmọ yẹn á sì ti fowó ra yìnyín, á ti gbé e rìn, omi ẹ̀ á tún máa kán sórí fọ́ọ̀mù tó fẹ́ sùn lé. Tó bá jẹ́ pé ó kàn fẹ́ fi gba atẹ́gùn díẹ̀ kí oorun tó gbé e lọ, kò burú. Kó má ṣáà fi í ṣe ohun tó gbójú lé, nígbà tí òrùlé wà níhòòhò tí gíláàsì iwájú sì wà láìbò.

Torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ooru tí ẹ jẹ́ kó wọlé tán, ó nira láti lé jáde, ó ń gbowó ó ń gba agbára. Èyí tí ẹ kò jẹ́ kó wọlé rárá, ẹ ò náwó kankan lé e lórí.

Tí ojú ọ̀run bá mọ́ tí oòrùn sì wà ní àtàrí, agbára tó ń dà sórí ibi tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú àti mítà kan lóròó tó nǹkan bí 1,000 watt. Òrùlé bọ́ọ̀sì elérò tí à ń wí yìí á tó irú ẹ̀ méje tàbí mẹ́jọ. Ìyẹn ni pé ó dà bí ìgbà tí èèyàn to áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ méje sórí páànù yẹn, tó tan gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, tó wá fi wọ́n síbẹ̀ láti aago mọ́kànlá títí di aago méjì ọ̀sán. Tiwa tún le, torí ibi tí Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ wà yìí, nǹkan bí ìwọ̀n 8 la fi wà lókè ìlà agbedeméjì ayé, ní oṣù kẹrin oòrùn máa ń dúró ṣánṣán lórí wa lọ́sàn-án, òrùlé ló sì ń gba gbogbo ẹ̀. Ní oṣù Kejìlá á tẹ̀ sí gúúsù díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ mọ́tò á bá òrùlé pín in. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tó yẹ kó kọ́kọ́ náwó sí, kó gòkè lọ wo orí mọ́tò ẹ̀.

Bí a ṣe ṣe tiwa rèé. Ọkọ mi ní kí wẹ́dà jó kárìà sórí bọ́ọ̀sì, irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kò wúwo, a wá de pákó pẹlẹbẹ mẹ́rin mọ́ ọn, a ta tápólì funfun lé pákó yẹn lórí, a fi okùn fà á le ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ohun tó ṣe pàtàkì níbẹ̀ ni àlàfo. Tápólì yẹn ò gbọ́dọ̀ kan páànù o, ó yẹ kí ọwọ́ lè wọ àárín méjèèjì fàlàlà kí atẹ́gùn lè máa gba ibẹ̀ kọjá. Tí ẹ bá lọ síbẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán, ẹ fọwọ́ kan tápólì, á jó yín lọ́wọ́. Ẹ wá ki ọwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀, ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé páànù fúnra ẹ̀, ẹ máa gbé e lé e ẹ ò ní já a kúrò. Tẹ́lẹ̀, páànù yẹn kan náà kò ṣeé fọwọ́ kàn. Ẹni tí a sì lè sọ pé ó gbọ́n ju tiwa lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn tó ṣe Land Rover àtijọ́, àwọn kan wà nínú ẹ̀ tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, òrùlé méjì ló ní, ọ̀kan lórí èkejì, atẹ́gùn ń kọjá láàárín. Àwọn àgbà tó bá rántí mọ́tò àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìgbà yẹn máa mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ má gbàgbé láti ká tápólì kí ẹ tó ṣíná ṣáá o, atẹ́gùn ojú ọ̀nà á ya á.

Ẹni tí kò ní owó wẹ́dà, kó kun òrùlé ẹ̀ ní funfun. Ọ̀dà funfun ń dá èyí tó pọ̀ jù nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà, dúdú ń gbé e mì. Òrùlé nìkan ni mo wí o, ẹ má lọ kun gbogbo ara mọ́tò, torí àwọ̀ mọ́tò wà nínú ìwé ẹ̀, ẹ ò ní fẹ́ kí wọ́n dá yín dúró lójú ọ̀nà tìtorí ọ̀dà. Nínú lọ́hùn-ún, láàárín páànù àti sílíńgì, ẹ lè to fọ́ọ̀mù pẹlẹbẹ tàbí páálí sí i, ó ń ṣe díẹ̀. Páálí máa ń fa eèrà àti aáyán, fọ́ọ̀mù dára jù.

Gíláàsì ló tẹ̀lé e, pàápàá ti iwájú. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ta kọ́tìnnì sínú. Kò burú, ó dára ju kó má sí, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ti gba ara gíláàsì wọlé ná kó tó kan kọ́tìnnì, ibẹ̀ ló ti ń di ooru, gíláàsì kì í sì í jẹ́ kí ooru yẹn padà jáde bó ṣe wọlé. Ìta ni ká ti dá a dúró. Èmi ń ránṣọ díẹ̀díẹ̀, àpò ìrẹsì funfun ni mo já, mo fọ̀ ọ́, mo rán wọn pọ̀ dé ibú gíláàsì, mo fi apá gígùn sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì tí à ń fi ilẹ̀kùn há mọ́lẹ̀ kí olè má bàa fà á lọ, mo wá fi ìlásítíìkì sí etí òkè kó lè di wáípà mú. Ó rọrùn, tí ẹ bá ṣe tán ẹ ká a sábẹ́ síìtì. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òun máa kàn lẹ gíláàsì dúdú kó rọgbọ, torí òfin ti wà lórí gíláàsì dúdú láti ọdún 1991, ìwé àṣẹ ni wọ́n máa bi yín. Àpò ìrẹsì ò ní kí ẹnikẹ́ni gbàwé àṣẹ, ẹ kàn ti yọ ọ́ kí mọ́tò tó gbéra.

Ẹ ti bo òrùlé, ẹ ti bo gíláàsì, ó wá kù kí ooru tó bá ráyè wọlé rí ọ̀nà jáde. Òkè ni ooru ń lọ. Tí ẹ bá ṣí wíńdò ìsàlẹ̀ nìkan, ooru tó wà lábẹ́ sílíńgì á jókòó síbẹ̀ ni. Ó yẹ kí ihò wà lókè, kí fáànù wà níbẹ̀ tó ń fẹ́ JÁDE, kì í ṣe èyí tó ń fẹ́ wọlé, kí ẹ wá ṣí wíńdò kan nísàlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ tí òjìji wà kí atẹ́gùn tuntun máa gba ibẹ̀ wọlé. Fáànù yẹn ò ní kó jẹ́ olówó ńlá. Àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní àdúgbò Under G, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, máa ń ní fáànù inú kọ̀ǹpútà àlòkù nílẹ̀, 12 volt ni, bátìrì mọ́tò ló bá mu gẹ́lẹ́, ẹyọ kan kì í jẹ ju watt bíi mélòó kan lọ. Ẹ kan mẹ́rin mọ́ pákó kan, ẹ jẹ́ kí wẹ́dà fi ìbòrí sókè ihò kí òjò má wọlé, ẹ fi sílíkọ̀n dí etí ẹ̀ dáadáa. Ẹ ta wáyà nẹ́ẹ̀tì sí wíńdò kí olè má rí ọwọ́ kì bọ̀ ọ́, ẹ ta nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sínú ẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń sùn nínú ooru kì í ṣe pé wọn ò mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n ṣí wíńdò, ẹ̀rù olè àti ẹ̀fọn ló ń bà wọ́n, wọ́n sì jàre.

Àwọn àgbà ní bí ooru bá mú, abẹ̀bẹ̀ ní í bẹ̀ ẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n fáànù kì í mú afẹ́fẹ́ tutù, òógùn tó wà lára wa ló ń bá wa gbẹ, òun ló ń jẹ́ kí ara balẹ̀. Tí ẹ bá wọ bọ́ọ̀sì tó ti wà nínú oòrùn látàárọ̀, tí inú ẹ̀ gbóná ju ara èèyàn lọ, tí ẹ wá tan fáànù sójú, ooru ni ẹ ń fẹ́ sára. Ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn ná, kí afẹ́fẹ́ ọ̀sán yẹn jáde tán, kí ẹ tó tì í kí ẹ tan fáànù. Lórí ọ̀rọ̀ bátìrì, ẹ jẹ́ kí ti fáànù dá dúró, kó yàtọ̀ sí èyí tó ń ṣíná mọ́tò, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ẹ máa ti mọ́tò láàárọ̀. Bátìrì 12 volt oní-100Ah, irú èyí tí à ń da omi ásíìdì sí, ìdajì agbára ẹ̀ ló yẹ kí ẹ máa lò tí ẹ ò bá fẹ́ kó tètè kú, ìyẹn nǹkan bí 600 watt-hour. Fáànù 20 watt á lò ó fún wákàtí 30. Éèsì 1 horsepower ò ní lò ó pé wákàtí kan. Mo máa ń sọ èyí fáwọn ọmọ tó ń sọ pé àwọn máa gbé éèsì ilé sínú bọ́ọ̀sì pẹ̀lú ínfátà kékeré, wọ́n á wò mí bí ẹni tí kò mọ nǹkan, ṣùgbọ́n ìṣirò ò mọ àgbà, kò mọ ọmọdé. Tí wọ́n bá ra páńẹ́ẹ̀lì sólà, kí wọ́n gbé e lé kárìà pẹ̀lú àlàfo lábẹ́ ẹ̀, á máa fún wọn ní iná, á tún máa ṣe òjìji fún òrùlé.

Omi ńkọ́? Omi ṣiṣẹ́ gan-an, ju yìnyín lọ, tó bá jẹ́ pé ìgbà rẹ̀ ni. Lítà omi kan tó bá gbẹ sínú afẹ́fẹ́, ooru tó ń gbé lọ tó nǹkan bí ìlọ́po méje èyí tí kílò yìnyín kan ń gbà láti yọ́. Ohun tó ń jẹ́ kí omi àmù tutù lábẹ́ igi nìyẹn, omi ń yọ díẹ̀díẹ̀ lára amọ̀, ó ń gbẹ, ó ń gbé ooru lọ. Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Jigawa, fi ìkòkò méjì àti yanrìn tútù láàárín wọn tọ́jú ẹ̀fọ́ àti tòmátò láìlo iná, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn tí wọ́n ń pè ní Rolex Award ní ọdún 2000 nítorí ẹ̀. Lásìkò ọyẹ́ àti nínú ẹ̀ẹ̀rùn tí afẹ́fẹ́ gbẹ, ẹ mú ìró àǹkárá tó ti gbó, ẹ rẹ ẹ́ sómi, ẹ fún un, ẹ ta á sí wíńdò tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Kí fáànù òkè máa fà á. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ẹ máa fura pé atẹ́gùn tó ń gba ara aṣọ yẹn kọjá ti yàtọ̀, tó bá sì ti gbẹ ẹ tún rẹ ẹ́. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, ẹ bu omi díẹ̀ sórí páànù náà kẹ́ ẹ sì wọ́n díẹ̀ sílẹ̀ yí mọ́tò ká, páànù fẹ́lẹ́, kì í pẹ́ tutù.

Ṣùgbọ́n tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ẹ fi aṣọ tútù sílẹ̀! Afẹ́fẹ́ ìgbà òjò ti mu omi yó, kò gba omi mọ́, aṣọ yẹn á kàn sọ inú mọ́tò di ibi tí ara á máa lẹ̀ ni. Àwọn tó ń sọ pé ọgbọ́n yìí ò ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ wọn, inú oṣù kẹfà ni wọ́n ti dán an wò.

Ibi tí ẹ máa gúnlẹ̀ sí náà ńkọ́? Ògbómọ̀ṣọ́ wa, a dúpẹ́, igi máńgòrò ò wọ́n wa, abẹ́ igi tó ní ewé dídì dára ju ohunkóhun tí èèyàn lè rà lọ. Ẹ wo òkè ná, ẹ̀ka gbígbẹ tó ń mì kò dára lórí ẹni tó ń sùn, oṣù kẹta sí ìkẹrin tí ìjì àkọ́rọ̀ òjò máa ń jà, ẹ má gúnlẹ̀ sábẹ́ igi tó ti gbó. Ẹ yẹra fún kọnkéré àti ojú ọ̀dà, wọ́n ń mu ooru ní gbogbo ọ̀sán, wọ́n á máa pọ̀ ọ́ jáde fún yín lóru, ilẹ̀ lásán tàbí orí koríko dára jù. Àwọn tó bá ti sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta ní Ìgbẹ́tì rí máa jẹ́rìí mi, ibẹ̀ rẹwà lójú, ṣùgbọ́n àpáta yẹn á ṣì máa gbóná nígbà tí gbogbo ìlú ti tutù. Ẹ kọ ìdí mọ́tò sí ìwọ̀ oòrùn, ìdí kéré sí ẹ̀gbẹ́, gíláàsì iwájú á sì ti kọ̀yìn sí oòrùn ìrọ̀lẹ́. Ìta ni kẹ́ ẹ ti dáná oúnjẹ.

Èyí tó ká mi lára jù ló kù. Ní Ìgbẹ́tì náà, lóru ọjọ́ kan, mo gbọ́ tí éńjìnnì ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, mo rò pé ẹni tó fẹ́ lọ ni, ó dún títí. Mo bá dìde mo lọ kan gíláàsì. Ọmọ DJ kan ni, òun àti ẹnì kejì ẹ̀, wọ́n ti gbogbo gíláàsì, wọ́n tan éèsì mọ́tò, wọ́n sùn lọ fọnfọn. Mo kàn án títí kó tó dáhùn. Ó ní, "Ẹ má bínú mọ̀mí, ariwo ń dà yín láàmú ni? Ooru ló pọ̀." Mo ní, "Ọmọ mi, kì í ṣe ariwo. Pa á, kẹ́ ẹ jáde síta." Nígbà tó jáde ó ń di orí mú, ó ní ó ń fọ́ òun. Èéfín sàléńsà ní gáàsì kan nínú tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide, kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, kì í ta èèyàn lójú, á kàn máa gba ipò atẹ́gùn nínú ẹ̀jẹ̀. Orí fífọ́, òòyì, àárẹ̀, èébì, ẹni tó bá sì ń sùn kò ní mọ ìkankan nínú ẹ̀. Sàléńsà tó ti ní ihò lábẹ́ mọ́tò, èéfín ẹ̀ á gba abẹ́ ilẹ̀ mọ́tò wọlé. Mọ́tò tó dúró sójú kan láìrìn, èéfín á kó jọ yí i ká. Bẹ́ẹ̀ náà ni jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń gbé sí ẹnu ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì kó lè máa gbé fáànù, ó burú bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ẹ gbé e jìnnà réré, kẹ́ ẹ gbé e síbi tí atẹ́gùn ò ti ní máa fẹ́ èéfín ẹ̀ bọ̀ lọ́dọ̀ yín àti lọ́dọ̀ ẹlòmíì.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé náà, mi ò lè kọ lẹ́tà yìí tán kí n má sọ ọ́. Àwa ìyá ọlọ́jà, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ tó sùn sínú bọ́ọ̀sì, ẹ má tì í mọ́bẹ̀ pé "jẹ́ kí n yára ra nǹkan kan". Mọ́tò tí a tì pa nínú oòrùn, láàárín ìṣẹ́jú 10 péré inú ẹ̀ lè fi nǹkan bí ìwọ̀n 10 lórí Celsius gbóná sí i, ká sì ṣí gíláàsì díẹ̀ sílẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí i padà. Ara ọmọdé ń tètè gbóná ju ti àgbà lọ. Ẹ gbé ọmọ yẹn sọ́wọ́, ẹ pọ̀n ọ́n, ẹ gbé e fún ará ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ yín.

Olóòtú, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ bá wa gbé e jáde kí oṣù kejì tó wọlé, ẹ má jẹ́ kó di ìgbà tí òjò ti ń rọ̀. Mo sì fẹ́ kí àwọn alága gáréèjì láti Ọ̀yọ́ títí dé Kíṣí rí i: kí wọ́n ya ibì kan sọ́tọ̀ lábẹ́ igi fún àwọn tó máa sùn mọ́jú, kí wọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan éńjìnnì sílẹ̀ lóru níbẹ̀, kí ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ibẹ̀ sì máa kan gíláàsì mọ́tò tó bá ń dún. Gáréèjì tí kò bá ní igi, kí káńsù gbin dóńgóyárò tàbí máńgòrò síbẹ̀ nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n fi ọgbà yí i ká kí ewúrẹ́ má jẹ ẹ́. Wẹ́dà tó bá fẹ́ wo bí kárìà tiwa ṣe rí, kó wá sí ọjà Wàsó lọ́jọ́ ọjà, bọ́ọ̀sì tó ní tápólì funfun lórí ni, a ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Oníbọ́ọ̀sì,
Ògbómọ̀ṣọ́.